Ẹnu Ewúro, Ẹnu Ẹmu: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Bíà Tó Bá Yín Lẹ́nu Mu, Kí Ẹ sì Mọ Èyí Tí Ẹ Máa Fi Lọ Ẹlòmíràn

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi ní Peckham, ní London, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ ọtí. Ará Iléṣà ni wá, Trophy ni mo bá wọn pé wọ́n ń mu, ìlú wa náà ni wọ́n sì ti ń pọn ọ́n. Mo lọ ra agolo IPA kan, irú bíà tó korò gan-an, tí owó rẹ̀ sì dùn mí, mo dà á sínú gíláàsì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pajú dé, wọ́n rọra gbé e padà sórí tábìlì.

“Àbúrò, àgbo ibà lo sè dè mí ni?”

Ẹ̀rín pa ìyàwó mi títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí owó mi ni. Àmọ́ ẹ̀bi mi náà ni. Bíà yẹn dára, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń tò láti rà á. Mi ò kàn bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè nǹkan kan nípa ẹnu wọn kí n tó gbé e síwájú wọn. Ọdún mélòó kan ti kọjá báyìí, mo sì ti rí ọ̀nà tí ó ń gbè mí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo kọ sílẹ̀ níbí, fún ẹni tí bíà kan ṣoṣo ti sú, àti fún ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń pè láti inú ṣọ́ọ̀bù pé “kí ni kí n rà?”

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò

Omi, ọkà, òdòdó hops, ìwúkàrà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1516, ní ìlú Ingolstadt, àwọn tó ń ṣàkóso Bavaria, ní Jámánì, ṣe òfin pé ọkà bálì, hops àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ìwúkàrà. Nílé, ọkà bàbà àti àgbàdo ló rọ́pò bálì nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì bálì láti òkè òkun ní 1988. Àwọn kan ṣì ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ọkà bàbà ni wọ́n ń fi pọn pìtó àti bùrùkùtù, òun náà ni wọ́n ń fi pọn tchoukoutou ní àríwá Benin, àgbàdo sì ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò bíà wọ̀lú.

Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe ni kí ẹ mọ̀. Ọkà tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù, tí wọ́n wá fi iná gbẹ, ni mọ́ọ̀tì. Òun ló ń fún bíà ní àdùn, àwọ̀ àti òórùn búrẹ́dì. Bí wọ́n bá yan án títí ó fi dúdú, ẹ óò gbọ́ òórùn kọfí àti ti àgbàdo sísun tí iná jó lára. Ibẹ̀ ni stout ti wá. Hops ló ń mú bíà korò, òun náà ló ń fún un ní òórùn ewé tàbí ti èso. Ìwúkàrà ló ń sọ ṣúgà inú ọkà di ọtí, òmíràn nínú wọn a sì máa fi òórùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwúkàrà tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú òtútù ló ń ṣe lager, irú Star, Trophy àti Heineken. Èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń ṣe ale. Stout àti IPA, inú ìdílé ale ni wọ́n wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Guinness méjì lórí tábìlì kan

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹnu yín, ẹ má lọ ra bíà mẹ́wàá. Ẹ ra Guinness méjì. Ọ̀kan ni Foreign Extra Stout tí wọ́n pọn ní Nàìjíríà. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wa ní London, ṣùgbọ́n ẹ yí ìgò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ rí i pé Nàìjíríà ló ti wá lóòótọ́. Èkejì ni Guinness Draught alágolo, èyí tí bọ́ọ̀lù kékeré kan máa ń dún nínú rẹ̀ bí ẹ bá mì ín lẹ́yìn tí ẹ ti mu ún tán.

Arthur Guinness bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St James's Gate, ní Dublin, ní 1759. Nígbà tó fi máa di 1827, ọtí rẹ̀ ti dé Sierra Leone. Ní 1962 ni wọ́n ṣí ilé ìpọntí Ìkejà, àkọ́kọ́ tí wọ́n fúnra wọn kọ́ lẹ́yìn Ireland àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n ń lò ní tilé, wọ́n á wá da omi mọ́ọ̀tì dúdú kan tó ki, tó sì korò, tó ń wá láti Ireland, mọ́ ọn. Agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ 7.5%. Ti inú agolo kò ju 4% àti díẹ̀ lórí lọ, afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ifófó orí rẹ̀ ki bí ògì.

Ẹ da díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sínú ife kéékèèké méjì. Ẹ gbóòórùn wọn kí ẹ tó mu wọ́n. Ẹ mu ọ̀kan, ẹ fi omi ṣanu, ẹ mu èkejì, ẹ padà sí ti àkọ́kọ́. Ti Nàìjíríà á kọ́kọ́ dùn, ìkorò á wá dé lẹ́yìn rẹ̀, ọtí á sì móoru wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ti agolo á kọjá gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹ̀kọ mímu, á wá gbẹ ní ìdí ahọ́n. Ẹ má tíì sọ èyí tó dára jù. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀: báwo ni àdùn rẹ̀, báwo ni ìkorò rẹ̀, ṣé ó wúwo lẹ́nu, ṣé ó ń móoru. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, kò sí bíà tí ẹ ò lè ṣàpèjúwe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n bíà kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn fi ń bò ó.

(Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mo dúró sí nínú ìjà “èwo ni Guinness gidi,” ti Ìkejà ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.)

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó

Agbára ọtí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ fi iye lítà tó wà nínú ìgò lọ́po agbára ọtí rẹ̀, iye tí ẹ bá rí ni wọ́n ń pè ní unit. Páìnì kan, 568ml, tó bá jẹ́ 4%, unit 2.3 ni. Ìgò ńlá Guinness tilé, 60cl ní 7.5%, unit 4.5 ni. Ìyẹn ni pé ìgò kan yẹn tó páìnì méjì, bẹ́ẹ̀ ojú ìgò kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń wò ó. Ìmọ̀ràn ìjọba níbí ni pé kí àgbàlagbà má kọjá unit 14 lọ́sẹ̀. Ẹni tó máa wakọ̀ padà sílé, ẹ fún un ní mọ́ọ̀tì inú ìgò, irú Maltina.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, nítorí orúkọ òkèèrè kò sọ bíà di ọtí òkèèrè. Bíà Madrí tó kún inú àwọn páàbù níbí láti 2020, orúkọ Sípéènì ló ń jẹ́, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Heineken tí ẹ ń mu ní Èkó, ní Nàìjíríà ni wọ́n ti pọn ọ́n. Budweiser náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2018. Mi ò bá wọn wí, bíà tí kò rìn jìnnà sábà máa ń dùn ju èyí tó jìyà lójú omi. Ẹ má kàn san owó ọkọ̀ fún ohun tí kò wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ tún ńkọ́? Ó sinmi lórí irú bíà. Òórùn hops inú IPA kì í pẹ́ sá lọ. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín oṣù mẹ́ta ni mo máa ń wá. Bíà dúdú alágbára bíi Chimay Bleue, 9%, tàbí Rochefort 10, 11.3%, yàtọ̀. Ẹ lè gbé ìyẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, tó sì tutù díẹ̀, fún ọdún bíi mélòó kan, á sì máa gbó sí i.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kan mo ra ìgò aláwọ̀ ewé mẹ́fà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, nítorí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Oòrùn ti ń pa á níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nígbà tí mo ṣí i nílé, ìyàwó mi láti yàrá kejì bi mí pé kí ló kú sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Òórùn asín gan-an ni! Ohun tó korò nínú hops ni ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ dà bẹ́ẹ̀. Ìgò búráùn ń gbà á sílẹ̀ ju ìgò aláwọ̀ ewé àti ìgò funfun lọ, agolo sì ni ọ̀gá wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹ̀yìn pẹpẹ ni mo máa ń nà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ra púpọ̀

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fàyè gba kí wọ́n ta bíà ní ìdá kan nínú mẹ́ta páìnì. Ife kéékèèké mẹ́ta, oríṣi mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ kò ju páìnì kan lọ: kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó rọjú bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ bíà inú àgbá tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà lókè, ẹ bi ẹni tó dúró nídìí káńtà bóyá ẹ lè tọ́ díẹ̀ wò. Wọn kì í sábà kọ̀. Nítorí irú bíà yìí ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ CAMRA (Campaign for Real Ale) sílẹ̀ ní 1971, tí wọ́n sì ń ṣe ọjà bíà kiri ìlú títí di òní. Bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá wá sí àdúgbò yín, ẹ lọ. Ẹ mọ̀ ṣáájú pé bíà àgbá kì í tutù bíi ti fìríìjì, ó máa ń wà ní ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í hó púpọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé á ní wọ́n gbàgbé láti tan fìríìjì.

Láti ọ̀dọ̀ wa, Bermondsey kò jìnnà. Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ kún fún àwọn apọntí kéékèèké, The Kernel sì wà lára àwọn tó ṣáájú, láti 2009. Bébà búráùn lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò wọn, kò sí àwòrán, kò sí àṣejù. Wọ́n ní stout kan tó ń jẹ́ Export Stout London 1890. Ẹni tó bá ti ń mu Guinness tilé á mọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ní Nàìjíríà, irú àwọn apọntí báyìí kò tíì pọ̀, àmọ́ Bature Brewery tó bẹ̀rẹ̀ ní Abuja ń gbìyànjú, wọ́n sì ní stout oníkọfí kan tó ń jẹ́ Black Gold.

Bí ẹ bá ń tọ́ oríṣi mélòó kan wò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí agbára rẹ̀ kéré, tó sì mọ́ lójú, kí ẹ fi dúdú alágbára kẹ́yìn. Ẹ má jẹ súyà ṣáájú. Omi àti búrẹ́dì lásán ni kó wà nítòsí. Bíà tó bá tutù nini ń pa òùngbẹ, ṣùgbọ́n ahọ́n kì í gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé stout àti àwọn alágbára jáde nínú fìríìjì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí wọn. Ẹ fi omi ṣan gíláàsì dáadáa. Òróró tàbí ọṣẹ díẹ̀ péré, ifófó á kú. Ẹ dagun gíláàsì díẹ̀ bí ẹ ṣe ń da bíà sí i, kí ẹ nà án ró ní ìparí kí orí lè jáde. Ifófó yẹn ló ń gbé òórùn wá sí imú, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé kékeré

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọtí ló wà nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tó. Ohun tí mo kọ nípa Orval nìyí, bó ṣe wà nínú ìwé mi gan-an:

“Orval. Bẹ́ljíọ̀m. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ló ni ín. 6.2%. Ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun. Òórùn: èèpo ọsàn, koríko gbígbẹ, àpò awọ. Lẹ́nu: ó gbẹ, ó ń hó gan-an, ìkorò rẹ̀ kò yára lọ. Ta ló máa fẹ́ ẹ: ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì.”

Ìlà ìkẹyìn yẹn ni mo ń bẹ̀ yín kí ẹ má fò. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. “Ta ló máa fẹ́ ẹ” ni ẹ óò ṣí ìwé wò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá ẹnu tí onítọ̀hún ti ní tẹ́lẹ̀

Ibí ni ẹ̀kọ́ mi wà. Gbogbo ìwé bíà tí mo ti ṣí ń sọ̀rọ̀ èso tí kò hù nílé wa, bíà yìí ń rùn bí gúsíbérì, èyí ń rùn bí ẹlẹ́dàá-ló-mọ̀. Ẹnu tiwa ti mọ ìkorò, ìkan, èéfín àti àdùn ọkà láti kékeré. Ẹ fi ìyẹn ṣe àtẹ̀gùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewúro. Ẹ bi onítọ̀hún bóyá ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa ló fẹ́ràn nínú ọbẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n kàn fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ fífọ̀, tó fẹ́ kí ìkorò kàn kan ilẹ̀kùn kó sì padà, Pilsner Urquell ni tirẹ̀. Ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Czech ni wọ́n ti kọ́kọ́ pọn ọ́n ní 1842, ọmọ Bavaria kan tó ń jẹ́ Josef Groll ló pọn ọ́n, 4.4% ni, púpọ̀ nínú lager aláwọ̀ wúrà tó wà láyé lónìí sì ń tọ ipa rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ewúro pẹ̀lú ìkorò rẹ̀, tàbí tó máa ń he orógbó jẹ láàárọ̀ kí ó tó fọ̀rọ̀ sẹ́nu, òun ni kí ẹ fún ní hops gidi. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní Sierra Nevada Pale Ale láti Chico, ní Kalifọ́níà: 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 5.6% ni, hops tí wọ́n ń pè ní Cascade ló sì mú kó máa ta sánsán bí èèpo ọsàn gíréèpù. Bí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ lè gbé IPA tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fò nìyí lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pe bíà mi ní àgbo.

Ẹni tó jẹ́ pé mọ́ọ̀tì ló ń mu níbi ayẹyẹ, tó ní bíà ti korò jù, ẹ má bá a jà. Paulaner Salvator láti Munich, Jámánì, dúdú rúsúrúsú, ó sì ń dùn bí mọ́ọ̀tì tó dàgbà. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ló ń pọn irú rẹ̀ láyé àtijọ́ láti fi gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, torí ó lágbára nínú bí oúnjẹ. Ẹ kìlọ̀ fún un o, 7.9% ni. Àdùn rẹ̀ máa ń tan ènìyàn.

Ẹni tó bá mọ àgàdàǹgídì, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á rí ẹnì kejì rẹ̀ nínú bíà àlìkámà ti Bavaria. Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan nínú rẹ̀, kò sí kànáfùrù nínú rẹ̀, síbẹ̀ òórùn àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ lù yín nímú. Ìwúkàrà ló ń ṣe é. Weihenstephaner Hefeweissbier ni mo máa ń rà, 5.4%, láti ilé ìpọntí tó ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti 1040. Bó bá ku díẹ̀ nínú ìgò, ẹ yí i pòpò kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dìde, kí ẹ dà á sórí ìyókù.

Ẹnu ẹja yíyan kò ṣòro: Schlenkerla ti ìlú Bamberg. Èéfín igi ni wọ́n fi ń gbẹ mọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹ̀yìn ààrò Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan kì í lè mu ju ẹnu kan lọ. Àwọn kan kì í fẹ́ mu òmíràn mọ́.

Ẹmu ni mo fi pamọ́ de ìparí. Bàbá ìyàwó mi wá lò oṣù méjì lọ́dọ̀ wa. Bàbá ò fẹ́ lager, wọ́n ní omi ni. Wọn ò fẹ́ stout, wọ́n ní egbòogi ni. Ẹmu ni wọ́n ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá èyí tó ti sùn mọ́jú, tí kò ní àdùn àràárọ̀ mọ́. Mo wá rántí gueuze, bíà kan láti agbègbè Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀m. Ẹni tó ń dá ẹmu kì í fi ìwúkàrà sínú akèrègbè. Ohun tó wà lójú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè náà ló ń mú un hó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lambic, bíà tí wọ́n ń pò di gueuze, nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní ìgbà òtútù, wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú páànù fífẹ̀ kan lókè àjà, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ bà lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú àgbá igi. Gueuze ni èyí tí wọ́n po ti ọdún kan, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta pọ̀ nínú rẹ̀. Cantillon ní Brussels ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1900, àmọ́ owó rẹ̀ kò rọjú. Oude Geuze ti Boon ni mo rà.

Mo da díẹ̀ sínú ife tíì kékeré, mo gbé e fún Bàbá láìsọ nǹkan kan. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n dákẹ́. Wọ́n fà á mu díẹ̀, wọ́n ta ètè sáàsáà. Ojú wọn wá yí sí ojú fèrèsé, níbi tí yìnyín ti ń bọ́.

“Ọmọ mi, ta ló ń dá ẹmu fún yín níbí?”

Kí wọ́n tó mu ìkejì, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni. Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bí wọ́n bá wá bi yín pé “kí ni kí n mu?”

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá onítọ̀hún ń mu ọtí rárá. Púpọ̀ nínú wa kì í mu nítorí ẹ̀sìn, òmíràn nítorí oògùn tàbí oyún, òmíràn nítorí pé ó ti mu tirẹ̀ tán nígbà kan rí. Ẹ má bi í ní ìdí, ẹ má sì rọ̀ ọ́. Guinness 0.0 àti Heineken 0.0 wà, Maltina sì wà.

Bí ó bá ń mu, ẹ bi í nípa ohun tó ń mu lọ́wọ́lọ́wọ́, nípa ewúro, nípa tíì rẹ̀, àti nípa ohun tó fẹ́ jẹ sí i. Oúnjẹ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí pẹpẹ súùpù tàbí àsun bá wà nílẹ̀, IPA alágbára á mú kí ata rodo túbọ̀ jó, àtọtí àtìkorò ló ń koná mọ́ ọn. Bíà àlìkámà tàbí lager tí kò le ló máa ń dẹ̀ ẹ́. Stout ni kí ẹ fi ti ẹran yíyan àti súyà tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ bíà kan. Ọ̀kan péré. Ẹni tí ẹ bá to mẹ́fà sílẹ̀ fún á padà sídìí èyí tó ti mọ̀. Ẹ sì má fi ẹnu ba bíà tó ń mu jẹ́. Ẹ sọ pé “bí o bá fẹ́ràn èyí, wo èyí náà,” kí ó lè mọ̀ pé ibi tó wà ni ẹ ti bá a. Ẹ fún un ní ìlàjì ife. Bí ó bá gbé e kalẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á, ẹ mu ún fúnra yín, kí ẹ má bínú.

Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún bèèrè. Ohun tí ènìyàn bá sọ lójú yín lè jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n bí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn, ẹ ti bá a lẹ́nu mu nìyẹn. Mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí mo máa ń rà fún. Ti ẹ̀gbọ́n mi ní ìlà mẹ́ta báyìí: “IPA: àgbo ibà. Schlenkerla: wọ́n bèèrè ẹja. Pilsner Urquell: wọ́n ní Trophy tó kàwé ni, wọ́n kó ìgò méjì sínú báàgì lọ sí Iléṣà.”